Àpò iyọ̀ mélòó ni yóò pa ewéko inú adágún ẹja mi?

ÌBÉÈRÈ: Mo ní adágún ẹja lẹ́yìn ilé mi ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní òró, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà kan. Àrọ̀ àti epìyà ni mo ń sìn. Mo mú ojúoró olódòdó díẹ̀ láti etí ọ̀sà wá kí ó máa ṣíji bo ẹja, ṣùgbọ́n ó ti bo gbogbo omi. Aládùúgbò mi ní kí n da iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ni ó ń pa á nínú ọ̀sà lọ́dọọdún. Àpò mélòó ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra ẹyọ kan. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ti tó àsìkò kí a sọ ọ́ délẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, ohun tí ẹ mú wálé kì í ṣe ojúoró. Ojúoró kì í yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, igi ewé rẹ̀ kì í sì í wú fún afẹ́fẹ́. Jacinthe d'eau (water hyacinth) ni tiyín, ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni, bí omi bá sì lọ́ràá, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ohun tí aládùúgbò yín fi ojú rí kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tí ó fún un ni kò tọ̀nà. Nígbà òjò, odò Ouémé a kún, a sì ru jacinthe wá bá wa láti òkè. Nígbà tí omi odò bá fà, omi òkun a gba ojú omi Kútọnu tí wọ́n gbẹ́ ní 1885 wọ adágún Nokoué, a sì ti ibẹ̀ dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Iyọ̀ òkun yìí ni ó ń pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá tún dé, odò a fọ iyọ̀ náà jáde. Ta ni yóò bá yín fọ ti adágún yín?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Omi adágún yín tó lítà 100,000. Kí jacinthe tó kú, iyọ̀ ní láti tó bíi gíráàmù 6 sí 8 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí kílò 600 ó kéré tán, ìyẹn àpò oníkílò 50 méjìlá. Oòrùn yóò máa fa omi, iyọ̀ yóò sì máa kù sílẹ̀, yóò máa ki sí i, títí yóò fi jò wọ kànga yín àti ebè ẹ̀fọ́ gbọ́mà tí ó wà nítòsí. Epìyà lè fara dà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja omi tútù ni àrọ̀. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ kú, kò ní jẹun dáadáa, kò sì ní tóbi. Àwọn tí ń ta ọmọ ẹja máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tí wọ́n fi ń gbé e kiri, bíi gíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Ìwọ̀n yẹn kò lè pa jacinthe.

Ká tilẹ̀ ní ó kú, gbogbo rẹ̀ yóò rì sínú omi, yóò sì jẹrà. Ìjẹrà náà ni yóò gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí, tí ẹ ó fi jí ní ìdájí bá ẹja tí ń yọ ẹnu sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí ẹ fọ́n oògùn tí ń pa koríko sí i, ibi kan náà ni ó ń darí yín sí, májèlé yóò sì tún wà nínú ẹja tí ẹ ó jẹ.

Ọwọ́ ni ẹ ó fi kó o. Ẹ wọ bàtà ọ̀rá gígùn àti ìbọ̀wọ́, nítorí ejò àti ìgbín tí ń tan àtọ̀sí ajá (bilharzia) máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kan, ẹ má sì rú ẹrẹ̀ sókè. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan, ẹ ó rí okùn kan tí ó so ìyá mọ́ ọmọ. Ẹ má já a, nítorí èyí tí ó bá kù sínú omi tí ó ní ojú èéhù yóò tún hù. Ẹ rọra gbọn gbòǹgbò rẹ̀ dúdú náà sínú omi kí ẹ tó jù ú sókè, ọmọ epìyà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn, níbi tí àgbàrá kò ti lè gbé e padà. Èso rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ máa wo etí adágún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Calavi tú kòkòrò tí ń jẹ jacinthe sórí omi wa láti 1991, ó sì wúlò gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lórí omi ńlá ni.

Bí ìgbẹ́ adìyẹ ni ẹ ń dà sínú adágún, ẹ dín in kù, òun ni oúnjẹ jacinthe. Bí òjìji ni ẹ ń wá, imọ̀ ọ̀pẹ lórí igi mẹ́rin tó. Bí ẹ bá sì ti da iyọ̀ sí i kí ẹ tó ka èyí, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ iye rẹ̀ gan-an fún òṣìṣẹ́ ẹja tí yóò wá wọn omi náà, nítorí n kò lè ti ibi tí mo wà sọ iye omi tí ẹ ó pààrọ̀.