Erin wó: bí ìràwọ̀ ńlá ṣe ń kú

Ẹnì kan bi wá léèrè ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò. Ìyẹn ní bí ìràwọ̀ ńlá bá fẹ́ kú, iná inú rẹ̀ á pọ̀ jù, á sì bú gbàmù, àti pé ohun táwọn baba wa rí nìyẹn tí wọ́n fi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àti pé ṣé oòrùn wa náà á bú?

Rárá o. Irú àlàyé báyìí máa ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ ààfin ni ilé ọba tó jó: ará ìlú á dáwó, wọ́n á kọ́ èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo sánmà kó tó pa á. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ yé fi òwe dí ibi tẹ́ ò kà.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá a mu, èyí tí à ń sọ nígbà tí ẹni ńlá bá papò dà ni: Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Òun ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ́ni ní físíìsì. Ẹ gbọ́ o, wó ni, kì í ṣe jó.

Ìràwọ̀ tó bá wúwo tó oòrùn wa lọ́nà mẹ́jọ sókè, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń bá jà látọjọ́ tó ti dáyé. Ooru àárín rẹ̀ ni ò jẹ́ kó wó. Kó lè rí ooru yẹn, háídrójìn, gáàsì tó fúyẹ́ jù lọ, ló kọ́kọ́ ń sọ di hílíọ̀mù, fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Tíyẹn bá tán níbẹ̀, ó kan hílíọ̀mù, ó kan kábọ̀n, títí dórí sílíkọ̀n. Bó ṣe ń lọ ló ń yá sí i: nínú ìràwọ̀ tó wúwo tó ogún oòrùn, nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni sílíkọ̀n fi ń tán láàárín rẹ̀. Irin ló sì ń dà. Irin kò ní agbára kankan tó fẹ́ fún un mọ́. Ó kàn ń kó jọ síbẹ̀ ni, ó ń wúwo sí i. Bó bá ti tó nǹkan bí oòrùn wa lọ́nà 1.4, ẹsẹ̀ erin yẹ̀ nìyẹn. (Ọmọ ọdún 19 ni Chandrasekhar, onímọ̀ físíìsì ará Íńdíà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó bí òdiwọ̀n yìí, lọ́dún 1930.)

Irin àárín ìràwọ̀ náà, tó fẹ̀ bí ayé wa yìí, á wá wó sínú ara rẹ̀, á kéré dà bí ìlú kan ṣoṣo, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Proton àti electron, àwọn ègé bíńtín inú átọ̀mù, á fún mọ́ra di nútírọ́ọ̀nù, ègé mìíràn nínú átọ̀mù; neutrino, ègé tó fúyẹ́ gan-an tí nǹkan kì í sábà dá dúró, á sì máa sá jáde. Nútírọ́ọ̀nù ò ṣeé fún kọjá ibì kan, nítorí náà ohun tó ń já bọ̀ látòkè á forí sọ ọ́, á ta padà. Ìtapadà yẹn máa ń rẹ̀ lójú ọ̀nà; neutrino ló ń fi ooru díẹ̀ tì í lẹ́yìn, òun ló wá ń fọ́ ìràwọ̀ náà dànù. Bí a bá pín agbára ọjọ́ náà sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 99 ló bá neutrino lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, èérún ni.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ní February 23, 1987, àgbá omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Kamiokande, nísàlẹ̀ ibi ìwakùsà ní Japan, rí neutrino 11 láti ara ìràwọ̀ ńlá kan tó wó, láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi 13. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù ìràwọ̀ náà tó dé. Lọ́jọ́ kejì, Ian Shelton, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, rí i nínú fọ́tò tó yà ní Chile, ó sì jáde síta lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ìró wíwó ló kọ́kọ́ dé o, kí ìbúgbàmù tó yọ sójú ara ìràwọ̀.

Àjànàkú sùn bí òkè ńkọ́? Òkú ń kù sílẹ̀, ìyẹn nútírọ́ọ̀nù tó fún mọ́ra yẹn. Ìràwọ̀ tó bú, táwọn ará Ṣáínà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1054, tó hàn lọ́sàn-án gangan, òkú rẹ̀ ṣì wúwo ju oòrùn lọ. Àmọ́ kò sùn dáadáa: ó ń yí bírí nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òwe “Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ” náà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa là ń rí tiwa bù nínú ìràwọ̀ tó fọ́: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́ksíjìn tí à ń mí ti wá.

 

Kẹ́nikẹ́ni má bá mi jà: irú kan wà tí iná ló ń pa á lóòótọ́, òkú ìràwọ̀ kékeré tó ń jẹ lára ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ lè pe ìyẹn ní jíjó, òun kọ́ ni wọ́n bi wá.

Ní ti oòrùn wa, kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Kò ní débi irin láé, kò sì ní bú.