Ìdáhùn nípa afárá tí wọ́n kọ sínú ìṣúná

Ọ̀kun o, àbúrò mi ará Ìjùmú. O ní afárá yín ti wà nínú ìṣúná Ìpínlẹ̀ Kogí tí gómìnà buwọ́ lù, o sì bèèrè bóyá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè fipá mú un kí ó ná owó náà.

Ojú egbò mi ni o tẹ̀ yẹn. Nítorí ilé ìgbẹ̀bí wa, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wọ mọ́tò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Aṣojú wa ti ṣí ìwé ìṣúná ní ààfin, ó fìka tọ́ ìlà tí orúkọ ìlú wa wà, a jó, a sì pa ewúrẹ́. Nígbà tí mo dé iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, akọ̀wé kan tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ rán mi sí ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì dá mi padà sọ́dọ̀ akọ̀wé náà. Ìgbà kẹfà ni bàbá kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣàánú mi, tó ṣí ìwé ńlá kan: iye owó wa pé síbi tí wọ́n kọ "a fọwọ́ sí", ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ "a ti tú sílẹ̀", ìlà kékeré kan ni wọ́n fà síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí owó kankan.

Àṣẹ àtiná ni àwọn aṣòfin ń fúnni. Abala 120 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò jẹ́ kí gómìnà yọ owó ìpínlẹ̀ láìsí àṣẹ òfin, abala 121 sì ní òun ni yóò gbé àbá ìṣúná wá síwájú ilé. Ilé lè gé àbá náà kù. Bí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè tún un fọwọ́ sí kí ó di òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà, bí owó tó wọlé kò bá sì tó, iṣẹ́ abúlé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Lọ́yà tí a sanwó fún kò sọ èyí fún wa rí!

Ẹ má ṣe fi owó ìlú ra ohunkóhun sílẹ̀ de agbaṣẹ́ṣe. Ọgọ́rin àpò sìmẹ́ńtì wa ló gan sínú kíláàsì nígbà òjò.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ilé lè pe kọmíṣọ́nnà wá ṣàlàyé lábẹ́ abala 128 àti 129. Ó tún lè dá ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ dúró, àmọ́ abala 122 gba gómìnà láyè láti máa náwó fún oṣù díẹ̀ láìsí ìṣúná tuntun, nítorí náà ìhàlẹ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tí afárá yín wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ilé tó ń rí sí iṣẹ́ òde, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí akọ̀wé bá ní òǹtẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ jókòó dè é.