Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọjọ́ tó gbóná jù lọ́dún ń gbóná sí i? Mo ní àkọsílẹ̀ ọdún 40 láti Ìbàdàn.

Má gbára lé ìpíndọ́gba ọdún, torí ó máa ń bo àwọn ọjọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín mọ́lẹ̀. Mú ooru tó ga jù lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 40 péré ni yóò kù. Nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, lo àkójọ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ extRemes. Kọ́kọ́ ṣe GEV (àwòṣe ìṣirò fún nọ́ńbà tó ga jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan) pẹ̀lú àṣẹ fevd lásán, lẹ́yìn náà tún un ṣe pẹ̀lú location.fun=~odun, kí àárín àwòṣe náà lè máa yí pẹ̀lú ọdún. Yọ log-likelihood àkọ́kọ́ (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòṣe ṣe bá àkọsílẹ̀ mu tó) kúrò nínú ti èkejì, fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá ju 3.84 lọ, àyípadà wà ní ìpele 5%, ìyẹn ni pé ká ní kò sí àyípadà, èèṣì kì í mú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wá ju bí ìgbà 5 nínú 100 lọ.

Àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọdún tí ọjọ́ tó sọnù nínú rẹ̀ bá ju 15 lọ, yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ oṣù kejì sí ìkẹta ni àlàfo náà bọ́ sí, ọjọ́ márùn-ún pàápàá ti pọ̀ jù, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ooru Ìbàdàn máa ń ga jù. Yẹ ìwé ibùdó wò pẹ̀lú: bí wọ́n bá gbé tẹmómítà kúrò lórí koríko lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nọ́ńbà á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dà bíi pé ojú-ọjọ́ ló yí padà.

Má ṣe ka GEV àkọ́kọ́, tó gbà pé nǹkan dúró sójú kan, sí òpin ọ̀rọ̀. Bí ojú-ọjọ́ bá ń yí padà, àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè ṣini lọ́nà: ní Coningsby, ní England, ooru dé 40.3°C ní July 19, 2022, nígbà tó jẹ́ pé 38.7°C ni ooru tó ga jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní UK tẹ́lẹ̀, ní 2019.