Ìyá Ọlọ́dà, Ọ̀dà Ara Kéèsì Kọ̀ǹpútà Mi Ń Bó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọlọ́dà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ra kéèsì tòkunbọ̀ kan. Irin ni, ara rẹ̀ ti ha, etí rẹ̀ sì ti ń dípẹtà. Mo ra ọ̀dà inú agolo, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí, mo fọ́n ọn ní dúdú. Ó dán nígbà tó gbẹ, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó níbi tí ọwọ́ ń kàn. Wọ́n ní kí n lọ ṣe powder coating, ìyẹn ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fọ́n sára irin tí wọ́n sì ń yan, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun géètì. Ṣé yóò pẹ́ lóòótọ́? Àbí kí n kúkú yan án fúnra mi nínú ààrò gáàsì tí màmá mi fi ń yan kéèkì?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni màá kọ́kọ́ dáhùn: jọ̀ọ́, má gbé kéèsì náà sínú ààrò màmá rẹ. Èéfín tó ń jáde lára ọ̀dà nígbà tó bá ń yọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ. Ààrò tí a bá ti fi yan ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan péré, kò gbọ́dọ̀ yan kéèkì mọ́ láéláé. Iná gáàsì tó ń jó ní gbangba tún léwu, torí bí lẹ́búlẹ́bú ọ̀dà bá fò sínú afẹ́fẹ́ tó sì pàdé iná, ó lè bú gbàmù.

Ní ti bóyá yóò pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, yóò pẹ́. Ọ̀dà yìí náà ló wà lára férémù funfun tó ń bẹ lójú fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù kiri ìgboro, òun náà ni wọ́n fi ń kun ọ̀pọ̀ kéèsì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kò ní tínà nínú. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ni, ó kúná bí èlùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn tí a fi ń fọ́n ọn ń fi iná mànàmáná sí i lára, agbára iná ẹnu ìbọn náà máa ń wà láàárín 60,000 sí 100,000 fóòtì (volt). A ó ti so kéèsì kọ́, a ó sì ti fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, nítorí náà irin náà ni lẹ́búlẹ́bú ń wá bó ṣe ń jáde. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á tún yí po dé ẹ̀yìn ibi tí o kò kọ ẹnu ìbọn sí. Lẹ́yìn náà ló kan ààrò, ní nǹkan bíi 200°C.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ wíwo inú ààrò kò tíì sú mi. Nígbà tí kéèsì wọlé, ojú rẹ̀ rí bí ìgbà tí eruku ọ̀nà bo mọ́tò. Tó bá di ìṣẹ́jú díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lójú láti etí, bí òrí tí oòrùn pa, á ṣàn wọnú ara rẹ̀, á tẹ́jú, á dán. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń di ara rẹ̀ mú tó sì ń le. Bí o tún dá a padà sínú ooru, kò ní yọ́ mọ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ti agolo rẹ, tí tínà rẹ̀ kàn fẹ́ lọ, tí ìyókù wá jókòó sórí irin. Tiwa máa ń nípọn tó 60 sí 80 máíkírọ́ọ̀nù, bí ẹyọ irun orí kan.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe agolo nìkan ló jẹ́ kí tìrẹ bó. Bí o bá gbé kéèsì náà lọ bó ṣe wà yìí, tí wọ́n kàn nù ún, tí wọ́n fọ́n ọn, tí wọ́n yan án, yóò tún bó ni. Òróró ara ènìyàn ni ọ̀tá ọ̀dà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi gbé awẹ́ irin kan fún mi pé kí n fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dún tí mo bá fi aṣọ nù ún. Mo wá fi ọwọ́ lásán gbé e kọ́. Nígbà tó jáde nínú ààrò, kòtò wẹ́wẹ́ kún ibì kan lára ọ̀dà funfun náà, wọ́n tò yíká. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e, ó sì bá a mu gẹ́lẹ́. Ọ̀gá mi ò bú mi, ó ní kí n bó gbogbo rẹ̀ kí n tún un ṣe. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ha á.

Nítorí náà, tú kéèsì rẹ kó o tó gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí: fáànù, bọ́tìnnì tí a fi ń tan án, ojú USB iwájú, ẹsẹ̀ rọ́bà, ike tó ń di dísíìkì mú. Bọ́ọ̀dù kékeré tó wà níwájú yẹn, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó nǹkan mọ́ ọn lára lè ti yọ́ ní 183°C, ààrò wa sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn rífẹ́ẹ̀tì tó di férémù pọ̀, fi dírílì lù wọ́n jáde kí awẹ́ kọ̀ọ̀kan dá wà. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò, àwọn kan á sì sọ fún ọ pé kò pọn dandan. Má gbà fún wọn. Lẹ́búlẹ́bú kì í fẹ́ wọ kọ̀rọ̀ àpótí, etí irin tó sún mọ́ ìbọn ló máa ń sáré lọ bá, kọ̀rọ̀ á wà ní ìhòòhò, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ya fọ́tò bó o ṣe ń tú u, kó o lè mọ bí wàá ṣe tò ó padà.

Bó ọ̀dà àtijọ́ tán pátápátá. Tí wọ́n bá fẹ́ fi iyanrìn fọ́n ọn, sọ fún wọn pé irin kéèsì kì í sábà nípọn ju mílímítà kan lọ. Atẹ́gùn líle tí wọ́n fi ń fọ́n géètì á lọ́ ọ bí ewé gbígbẹ. Kí atẹ́gùn rẹ̀ rọlẹ̀, kí iyanrìn rẹ̀ kúná, kí ẹni tó ń fọ́n ọn sì bo imú. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ gbígbóná, omi tó mọ́ láti ṣàn án, kí ó gbẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, ìbọ̀wọ́ ni o, kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Ohun kan wà tí oníṣẹ́ géètì lè má rántí. Ọ̀pọ̀ irin kéèsì ni wọ́n ti fi síńkì bò, bíi ti páànù òrùlé. Bí síńkì bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde ní àsìkò tí ọ̀dà ń yọ́ gan-an. Kókó tó tó orí abẹ́rẹ́ á sú jáde lójú rẹ̀. Bó o bá fi èékánná tẹ ọ̀kan, á bẹ́, wàá rí irin nísàlẹ̀ ihò rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yan irin náà lásán, kí ooru rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ọ̀dà lọ, kó tutù, kí wọ́n tó fọ́n ọn.

Má sì jẹ́ kí wọ́n ti kéèsì rẹ mọ́ géètì nínú ààrò kan náà. Ìgbà tí irin fúnra rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n la ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ọ̀dà ń fẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí 20 láti ìgbà náà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ á ti gbóná tipẹ́ nígbà tí géètì ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń dúró de géètì, tó bá jẹ́ funfun ni ọ̀dà tìrẹ, á pọ́n bí ìwé àtijọ́. Tó bá jáde, rẹ aṣọ funfun sínú tínà, fi ra abẹ́ rẹ̀ níbi tó fara sin. Bí àwọ̀ bá ń wá tìdí-tìdí, tí ojú rẹ̀ sì ń rọ̀, kò jinná. Kí wọ́n dá a padà.

Tó bá jẹ́ tèmi, èyí tó ní hóró díẹ̀ lójú ni màá mú dípò èyí tó ń dán. Ìhá kì í tètè hàn lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Ọlọ́dà, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ní Òṣogbo. Wọ́n ti fi ọ̀dà yìí kun kéèsì mi, ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ìdè (ṣúkúrù) kò wọlé mọ́, awẹ́ ẹ̀gbẹ́ kò sì fẹ́ tì. Ẹni tó ń bá mi tò ó ní òun á fi òòlù gbá a.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò dí ojú ihò ìdè kí wọ́n tó fọ́n ọn ni. Rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù kékeré ló yẹ kí wọ́n ti bọ inú ihò, kí wọ́n sì fi téèpù tó ń fara da ooru bo ibi tí irin gbọ́dọ̀ ti kan irin. Ní báyìí, ẹ wá ẹni tó ní irin tí wọ́n fi ń gé ojú ìdè, ti M3 àti ti 6-32, ìwọ̀n ìdè méjèèjì yìí ló sábà ń wà lára kéèsì kọ̀ǹpútà. Kó yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa yí i sẹ́yìn kí ẹ̀ha ọ̀dà lè jáde. Ní ti awẹ́ ẹ̀gbẹ́, sáńpépà tó kúná ní ojú ibi tó ń yọ̀ gbà nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo nǹkan kan kí ẹ tó tan án. Ọ̀dà yìí kì í gbé iná kọjá. Àwọn òpó kékeré tí mọ́dábọ́ọ̀dù ń jókòó lé, àti ẹ̀yìn ibi tí power supply ń kan kéèsì, kí wọ́n ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi hàn. Ẹ jẹ́ kó fi tẹ́sítà wò ó láti ara power supply dé ara férémù. Bí tẹ́sítà kò bá dún, a jẹ́ pé kéèsì kò kan wáyà ilẹ̀ nìyẹn. Bí wáyà iná kan bá já lé e, ọwọ́ ẹni tó bá fara kàn án ni iná náà yóò gbà lọ sílẹ̀. Ẹ má tan án títí tẹ́sítà á fi dún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọ́n lè bá mi fi ọ̀dà yìí kun ike iwájú kéèsì náà kí àwọ̀ wọn lè bára mu?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ike yẹn á ti máa rọ̀ ní nǹkan bíi 100°C, kò lè dé ìwọ̀n ooru tí ọ̀dà wa ń fẹ́ láìdi kókó. Ẹ gba èérún irin kan tí wọ́n ti kun, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń kun bọ́ńpà mọ́tò. Wọ́n ní ọ̀dà àkọ́kùn tó wà fún ike, wọ́n á sì po àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ níṣojú yín.