Ìdí tí ṣúgà fi ń ga lára eku tó gba indinavir

Ẹ béèrè pé eku ò ní kòkòrò HIV lára, kí ló wá dé tí ṣúgà rẹ̀ fi ń ga bí wọ́n bá fún un ní indinavir, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ni. Iṣan ẹran ara àti ọ̀rá ní ẹnu-ọ̀nà kan tí ṣúgà ń gbà wọlé, GLUT4 ni wọ́n ń pè é. Indinavir ló ń dí i. Kì í pẹ́ rárá, bí oògùn bá sì ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà á tún là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn: wọ́n á fún eku ní oògùn lónìí, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò bá oògùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má febi pa eku mọ́jú, yóò rù. Wákàtí 6 ti tó. Glucose (ṣúgà) giramu 2 fún kílò kan ìwọ̀n ara eku, ẹ gún un sínú ikùn, kí ẹ gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti ìrù láti fi wọn ṣúgà ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30, 60 àti 120.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá oògùn tirẹ̀ dúró. Indinavir ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀ nílé ìwòsàn.