Èsì: Ilé bàbá yín tí ẹ fẹ́ fi gba àlejò Ojúde Ọba

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde háyà fún àlejò Ojúde Ọba, ìwé wo lòfin ń fẹ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ilé ná. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, tí kò sì ṣègbéyàwó kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹbí ni lábẹ́ àṣà wa. Bí ẹ bá fi háyà láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, àdéhùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá fọwọ́ sí i, àmọ́ tí ẹ fo ìdí igi kan (ìyẹn, àwọn ọmọ ìyàwó kan), àwọn ará ìdí igi yẹn lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ẹ gba ìbuwọ́lù ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ déètì sí i. Owó orí ńkọ́? Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé lẹ ó san án fún, kì í ṣe ibi tí ilé wà.