Sọ fún Ìyàwó Rẹ Kí Ọ̀sẹ̀ Yìí Tó Parí

Àbúrò mi awakọ̀ tó kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí lẹ́tà rẹ. O ní oṣù márùn-ún nìyí tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé o ní kòkòrò HIV, ìyàwó rẹ tó lóyún ò sì tíì mọ̀. Inú ìgò fítámì lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ lo ń tọ́jú oògùn sí. Bí o bá sinmi nílé, o ò ní lò ó. O ní ìjọba ló jẹ̀bi, pé ká ní wọ́n ń fipá yẹ gbogbo èèyàn wò ni, tí wọ́n sì ń lẹ orúkọ àwọn tó ní in mọ́ ògiri, kì bá tí kàn ọ́.

Ṣé ìwọ gan-an á yọjú sí ọsibítù tí wọ́n bá ti ń lẹ orúkọ? Gbogbo èèyàn á sá ni. Ìdí nìyẹn tí òfin ọdún 2014 fi kà á léèwọ̀ láti lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́ nítorí HIV. Láti 2006 ni oògùn yìí ti di ọ̀fẹ́ lọ́sibítù ìjọba. Àmọ́ owó òkèèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ dúró ní January 2025, àyà mi já. Ìjọba tiwa ló yẹ kó máa san án, mi ò sì ní yé sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ gbé oògùn sẹ́nu? Èyí tí à ń lò lónìí tí à ń pa jẹ lọ́la, ṣe ló ń jẹ́ kí kòkòrò náà borí oògùn. Lò ó lójoojúmọ́. Tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò bá rí kòkòrò náà mọ́, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ, o ò ní kó o ran ìyàwó rẹ nípa ìbálòpọ̀. Títí dìgbà yẹn, ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù.

Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì tí kòkòrò HIV ń fà ló pa á. Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní kí o sọ fún. Yóò bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Má purọ́ ibi tí o ti kó o.

Oyún yẹn ni kò lè dúró dè ọ́. Bí ìyàwó rẹ náà bá ní in, tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí wọ́n sì fún ọmọ ní tirẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ọmọ náà lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò yìí. Wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbi ìforúkọsílẹ̀ aláboyún. Bá a lọ, kó má jẹ́ òun nìkan ni yóò jókòó síwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó bá gbọ́ èsì.